Ohun Tí A Bá Fi Ẹ̀sọ̀ Mú: Ìmọ̀ràn fún Ọ̀dọ́ Tó Fẹ́ Ṣọdẹ Àgbọ̀nrín ní Amẹ́ríkà

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń gbé Amẹ́ríkà, bí oṣù kọkànlá bá ti ń kù sí dẹ̀dẹ̀, ìbéèrè kan náà ni ẹ máa ń gbé wá bá èmi àgbà: ìbọn wo ni ká rà láti fi ṣọdẹ àgbọ̀nrín? Ọ̀pọ̀ nínú yín kì í dúró gbọ́ èsì kí ẹ tó dárúkọ èyí tó ń dún jù, tó sì ń tapá jù. Ìdí nìyí tí mo fi kọ ìmọ̀ràn wọ̀nyí sílẹ̀ lórí yíyan ìbọn àti kíki kátírìjì fúnra ẹni, kí ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ lè rí i kà.

Àwọn bàbá wa nílẹ̀ Yorùbá, ṣakabùlà ni wọ́n ń yìn. Ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi ń wọn ẹ̀tù, ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi ń kì í. Wọ́n sì mọ̀ pé bí ẹ̀tù bá pọ̀ jù, ìbọn lè fọ́ mọ́ ọdẹ lọ́wọ́. Nítorí náà, kí èèyàn fọwọ́ ara rẹ̀ ki ohun tó fẹ́ yìn kì í ṣe àjèjì sí ìran wa. Ohun èlò ló yàtọ̀. Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Lórí ọ̀rọ̀ ìbọn àti àgbọ̀nrín, òótọ́ pọ́ńbélé ni. Ìbọn tí kò bà ọ́ lẹ́rù ni wàá lè yìn bó ṣe yẹ, èyí tí o bá sì yìn bó ṣe yẹ ni kò ní jẹ́ kí ẹran jìyà.

1. Mọ òfin kí o tó mọ ìbọn.

Ọmọ mi, ìwé ìgbélùú rẹ ló ṣáájú. Òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà kò gba ẹni tó fi físà onígbà díẹ̀ wọlé, bíi akẹ́kọ̀ọ́ tàbí àlejò, láyè láti ní ìbọn tàbí ọta ìbọn lọ́wọ́, àfi bó bá bọ́ sábẹ́ ìyọ̀ǹda tí òfin là sílẹ̀. Ọ̀kan nínú ìyọ̀ǹda náà ni níní ìwé àṣẹ ọdẹ tí ìpínlẹ̀ kan fún un, tí ọjọ́ rẹ̀ kò tí ì kọjá. Ẹni tí kò ní ìwé ìgbélùú rárá kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ìbọn. Bí ọ̀rọ̀ ìwé rẹ bá díjú, ọ̀dọ̀ agbẹjọ́rò ni kí o kọ́kọ́ lọ, kì í ṣe ṣọ́ọ̀bù ìbọn.

Òfin ìpínlẹ̀ náà tún wà lọ́tọ̀. Ní Texas, ẹni tí wọ́n bí ní ọjọ́ 2 oṣù kẹsàn-án ọdún 1971 tàbí lẹ́yìn rẹ̀ gbọ́dọ̀ gba ẹ̀kọ́ ọdẹ, òfin ibẹ̀ kò sì gbà kí a fi kátírìjì kékeré tí práímà rẹ̀ (ohun tó ń tanná ran ẹ̀tù) wà ní etí ìdí, irú bíi .22 tí wọ́n fi ń pa ọ̀kẹ́rẹ́, yin àgbọ̀nrín. Ní Colorado, ọta tó bá kéré sí .24 íǹṣì ní fífẹ̀, tàbí tó fúyẹ́ ju 70 gíréènì (òṣùwọ̀n kékeré tí a fi ń wọn ọta àti ẹ̀tù) lọ, kò bófin mu fún àgbọ̀nrín. Ka ìwé òfin ọdẹ ìpínlẹ̀ rẹ lọ́dọọdún, nítorí wọ́n máa ń yí i padà.

Bí o bá ń ki kátírìjì fún ìlò ara rẹ, òfin ìjọba àpapọ̀ kò béèrè láísẹ́ẹ̀sì lọ́wọ́ rẹ. Bí o bá fẹ́ máa tà á, ó di ọ̀rọ̀ láísẹ́ẹ̀sì nìyẹn. Nígbà tí o bá sì ń múra ìrìn àjò sílé, tú gbogbo báàgì rẹ yẹ̀wò dé ìsàlẹ̀. Kátírìjì kan ṣoṣo tí o gbàgbé sí kọ̀rọ̀ báàgì lè kó ọ sí wàhálà ní pápákọ̀ òfuurufú, nítorí òfin Nàìjíríà náà kò fàyè gba ìbọn àti ọta láìsí ìwé àṣẹ.

2. Mọ ara ẹran tí o fẹ́ pa.

Àgbọ̀nrín onírù funfun ni ọ̀pọ̀ ọdẹ ń wá ní gúúsù àti ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà. Ní àgbègbè òkè Texas tí wọ́n ń pè ní Hill Country, akọ tó ti gbó sábà máa ń wọn nǹkan bí 100 sí 150 pọ́ùn. Ní ìhà àríwá, bíi Wisconsin àti Minnesota, akọ ńlá lè kọjá 200 pọ́ùn. Awọ rẹ̀ kò nípọn, egungun ìhà rẹ̀ sì tẹ́ẹ́rẹ́. Ohun tó ń pa á kíákíá ni ọta tó la ẹ̀dọ̀fóró méjèèjì tàbí ọkàn kọjá. Bí ẹran bá dúró ní ẹ̀gbẹ́ sí ọ, ibẹ̀ wà lẹ́yìn ẹsẹ̀ iwájú gẹ́lẹ́, níbi ìdá kan nínú mẹ́ta gíga ara rẹ̀ láti ikùn wá sókè. Ọta tó ṣe ìwọ̀nba, tó dé ibẹ̀, yóò pa á. Ọta ńlá tó bá ikùn tàbí ẹsẹ̀ yóò kàn dá a lóró ni.

W.D.M. Bell, ará Scotland tí wọ́n ń pè ní Karamojo, pa erin tó ju 1,000 lọ nílẹ̀ Áfíríkà, ìbọn 7×57, tó kéré lójú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ló sì fi pa ọ̀pọ̀ nínú wọn. Mi ò fi pípa erin lọ́pọ̀ bẹ́ẹ̀ kọ́ yín. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ rí dì mú ni pé Bell mọ inú ara ẹran débi pé kò wá agbára kún agbára.

3. Má ra ìbọn tí yóò máa bà ọ́ lẹ́rù.

A máa ń fi ẹsẹ̀-pọ́ùn wọn ìtapá ìbọn. Bí ìbọn bá wọn nǹkan bí pọ́ùn 8, .243 Winchester yóò tapá tó nǹkan bí 9. 6.5 Creedmoor àti 7mm-08 Remington yóò wà ní àyíká 12 sí 13. .30-06 tó gbé ọta 180 gíréènì yóò tó nǹkan bí 20. .300 Winchester Magnum yóò kọjá 25. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kọ́ni ní ìbọn gbà pé láti nǹkan bí 15 lọ ni ara akẹ́kọ̀ọ́ ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀ ọ́.

Fetí sí bí ara ṣe ń kọ̀ ọ́. Lẹ́yìn tí ìbọn bá ti gbá ọ léjìká dáadáa fúngbà díẹ̀, ara rẹ kò ní dúró dè é mọ́. Kí ìka rẹ tó fa tírígà tán, ojú á ti dì, èjìká á ti ta síwájú, ọwọ́ á ti fún ìbọn pọ̀. Ìwọ fúnra rẹ kò ní mọ̀, nítorí ariwo àti ìtapá ló máa bo àṣìṣe náà mọ́lẹ̀. Ẹran ló máa jẹ ìyà rẹ̀: ọta tó yẹ kó wọ ẹ̀dọ̀fóró á bọ́ sí ikùn tàbí ẹ̀rẹ̀kẹ́, ẹran á gbé ọgbẹ́ sálọ, á sì lọ kú sí ibi tí ẹnikẹ́ni kò ní rí i.

Ọ̀nà kan wà tí o lè fi mọ̀. Ní pápá ìdánrawò, jẹ́ kí ẹnì kan máa fi kátírìjì sínú ìbọn fún ọ láìjẹ́ kí o rí i, kó sì fi ayédèrú kátírìjì tí kò ní ẹ̀tù àti práímà sáàárín àwọn tòótọ́. Ní ìgbà tí ìbọn kò bá dún, gbogbo yín yóò rí i bí ẹnu ìbọn bá já wálẹ̀. Bó bá já, padà sí ìbọn tó fúyẹ́ ní ìtapá. Kò sí ìtìjú níbẹ̀.

4. Yan kátírìjì tó mọ níwọ̀n.

Àwọn tó dára pọ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ti pẹ́ láyé. 6.5×55 jẹ́ ti àwọn ọmọ ogun Sweden àti Norway láti ẹ̀yìn ọdún 1890. 7×57 Mauser náà ti ìgbà yẹn wá. .257 Roberts jáde ní 1934, .243 Winchester ní 1955, 6.5 Creedmoor ní 2007. .30-30 Winchester, tó ti wà láti 1895, ṣì ń pa àgbọ̀nrín nínú igbó tó há, níbi tí ẹran kì í jìnnà síni.

Bí ẹ bá ní kí n mú ọ̀kan, 7mm-08 Remington ni màá mú. Wọ́n mú idẹ, ìyẹn ara kátírìjì tó ń gba ẹ̀tù, ti .308 Winchester ọdún 1952, wọ́n sì fún ọrùn rẹ̀ kó lè gba ọta tó fẹ̀ tó .284 íǹṣì. Remington gbé e jáde lọ́jà ní 1980. Ọta rẹ̀ tí ọdẹ ń lò jù wà láàárín 120 sí 150 gíréènì. Ọta 140 gíréènì máa ń kúrò lẹ́nu ìbọn pẹ̀lú eré tó tó nǹkan bí 2,800 ẹsẹ̀ bàtà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bó bá dé 200 yáàdì, agbára rẹ̀ ṣì ju 1,500 ẹsẹ̀-pọ́ùn lọ, bẹ́ẹ̀ 1,000 ni ọ̀pọ̀ ọdẹ fi ṣe òṣùwọ̀n fún àgbọ̀nrín. Ó lágbára tó, síbẹ̀ kò ní fọ́ ọ léjìká.

Ẹni tó fẹ́ kátírìjì tó wà ní ṣọ́ọ̀bù gbogbo, kó mú 6.5 Creedmoor. Ẹni tí ara rẹ̀ kéré, tàbí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́, kó mú .243 pẹ̀lú ọta 95 tàbí 100 gíréènì tí wọ́n ṣe fún àgbọ̀nrín. Kó má fi ọta fífúyẹ́ tí wọ́n ṣe fún ẹranko kéékèèké yìn ín, nítorí irú ọta bẹ́ẹ̀ lè fọ́ yángá lójú egungun èjìká láìwọlé.

5. Ọta ló ń pa ẹran, kì í ṣe ariwo.

Orúkọ kátírìjì ni èèyàn ń pè, ṣùgbọ́n ọta tó wà lórí rẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́. Ó gbọ́dọ̀ fẹ̀ nígbà tó bá wọ ara ẹran, kó sì tún wà pọ̀ tó láti wọlé jìnnà. Ní 1946, ọdẹ kan, John Nosler, yin ẹranko moose kan ní British Columbia, ọta rẹ̀ kò sì wọlé tó bó ṣe yẹ. Ó padà sílé, ó ṣe ọta tó ní ògiri láàárín: apá iwájú á fẹ̀, apá ẹ̀yìn á dúró gbọin. Ọta Partition nìyẹn, ọdẹ ṣì ń lò ó dòní. Ọdẹ tó rí àìtó, tó sì jókòó tún un ṣe, ni mo fẹ́ kí ẹ fi ṣe àwòkọ́ṣe.

Lónìí, ọta tí wọ́n fi bàbà nìkan ṣe náà wà. Ilé iṣẹ́ Barnes ti ń ṣe é láti 1989. Òjé inú ọta àtijọ́ máa ń fọ́ wẹ́wẹ́ sínú ẹran, èyí tó kéré jù nínú rẹ̀ kò sì ṣe é rí lójú. Òjé kò dára fún ẹnikẹ́ni, ó burú jù fún ọmọdé àti aláboyún. Láti ọjọ́ 1 oṣù keje ọdún 2019, California kò gbà kí ẹnikẹ́ni fi ọta olójé ṣọdẹ mọ́. Bí ọbẹ̀ ẹran náà bá máa dé iwájú ọmọ rẹ, ro ọ̀rọ̀ bàbà dáadáa. Nínú 7mm-08, ọta bàbà 120 gíréènì ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ bí iṣẹ́, ìtapá rẹ̀ sì tún dín kù.

6. Jẹ́ kí ìbọn bá ara rẹ mu.

Kátírìjì kan náà yóò tapá jù nínú ìbọn fífúyẹ́. Ìbọn tó wọn pọ́ùn 6 dùn-ún gbé gun òkè, ṣùgbọ́n èjìká rẹ ni yóò san owó rẹ̀. Ìbọn tó jẹ́ pọ́ùn 7 àbọ̀ sí 8 àbọ̀ pẹ̀lú awò orí rẹ̀ ló bá ọ̀pọ̀ èèyàn mu. Kí ìdí ìbọn má gùn jù fún apá rẹ, kí rọ́bà tó dára sì wà níbi tó ti kan èjìká. Jẹ́ kí ojú rẹ jìnnà sí awò tó, kó má baà gé ọ nípéǹpéjú.

Dí etí rẹ ní gbogbo ìgbà tí o bá ń dánra wò. Ariwo ìbọn ọdẹ máa ń kọjá 150 dẹ̀síbẹ̀lì, bẹ́ẹ̀ ariwo òjijì tó bá ti kọjá 140 lè ba etí jẹ́ láìní àtúnṣe. Apá kan nínú ohun tí a ń pè ní ẹ̀rù ìtapá, ẹ̀rù ariwo ni. Irin tí wọ́n ń dè mọ́ ẹnu ìbọn láti dín ìtapá kù ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ó ń sọ ariwo di ńlá fún ìwọ àti ẹni tó dúró tì ọ́. Kátírìjì tó mọ níwọ̀n kò nílò rẹ̀.

7. Yin ti ilé iṣẹ́ ná.

Má bẹ̀rẹ̀ sí í ki kátírìjì ní ọjọ́ tí o ra ìbọn. Ra kátírìjì ilé iṣẹ́ tí wọ́n ṣe fún àgbọ̀nrín, kọ́ ìbọn rẹ, kí o sì máa kó idẹ tó bá tú jáde pamọ́. Nígbà tí o bá mọ ìbọn náà bí ẹni mọ ọwọ́ ara rẹ̀, ìgbà náà ni o mọ ohun tí o fẹ́ tún ṣe. Má sì rò pé o máa tètè fowó pamọ́: ẹ̀rọ, òṣùwọ̀n, dáì àti ìwé yóò kọ́kọ́ gbówó lọ́wọ́ rẹ. Èrè tó wà níbẹ̀ ni pé wàá lè ṣe ohun tó bá ìbọn rẹ àti èjìká rẹ mu, wàá sì mọ ohun tó wà nínú gbogbo kátírìjì tí o gbé lọ sóko.

8. Ìwé ìlànà ni ọ̀gá.

Àwọn ilé iṣẹ́ ẹ̀tù, ti ọta àti ti irinṣẹ́ kíki kátírìjì, bíi Hodgdon, Hornady, Nosler, Sierra àti Lyman, máa ń tẹ ìwé tó sọ ìwọ̀n ẹ̀tù fún kátírìjì kọ̀ọ̀kan. Inú rẹ̀ ni wàá ti rí ìwọ̀n ìbẹ̀rẹ̀ àti ìwọ̀n tí a kò gbọdọ̀ kọjá. Má gba ìwọ̀n lẹ́nu ọ̀rẹ́, bó ti wù kó nírìírí tó. Egbòogi tó wo ẹnì kan sàn lè pa ẹlòmíràn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìwọ̀n ẹ̀tù láti ìbọn kan sí ìkejì. Ìdí nìyí tí èmi náà kò fi kọ ìwọ̀n ẹ̀tù kankan síbí.

Máa bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Bí o bá pààrọ̀ ọta, práímà, idẹ tàbí ẹ̀tù, padà sí ìwọ̀n ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà lọ́dọ̀ bàbá tó ń ki ṣakabùlà, ẹ gbọ́ èyí yékéyéké: ẹ̀tù dúdú ṣakabùlà àti ẹ̀tù òde òní tí kì í rú èéfín kì í ṣe ọ̀kan náà. Èyí tí kì í rú èéfín lágbára jù ú lọ lọ́nà tó pọ̀. Ẹni tó bá fi ojú wọn ọ́n, tàbí tó dà á sínú ìbọn tí wọ́n ṣe fún ẹ̀tù dúdú, ń wá ikú.

9. Jẹ́ kí tábìlì rẹ mọ́, kí ọkàn rẹ sì dúró.

Ẹ̀tù kan ṣoṣo ni kó wà lórí tábìlì. Fi í sínú agolo tó bá wá, má dà á sínú òmíràn, má sì po méjì pọ̀ láé. Agolo tí o kò bá mọ orúkọ ohun tó wà nínú rẹ̀ mọ́, má lò ó. Pa fóònù, pa tẹlifíṣọ̀n, má mu ọtí, má mu sìgá. Bí àlejò bá dé, dúró. Bí o bá padà, tún yẹ ohun tí o ti ṣe wò láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ìyẹ̀fun tó ń jáde nínú práímà tí a ti yìn ní òjé. Má jẹun níbẹ̀, fọ ọwọ́ rẹ tí o bá parí, má sì jẹ́ kí ọmọ kékeré wọlé. Ti ohun gbogbo pa: ẹ̀tù lọ́tọ̀, práímà lọ́tọ̀, ìbọn lọ́tọ̀.

10. Tẹ̀ lé ìgbésẹ̀, má fo ọ̀kan.

Kọ́kọ́ yẹ idẹ wò. Èyí tó bá sán lẹ́nu, tàbí tí ìlà dídán yí i ká nítòsí ìdí, sọ ọ́ nù. Nu ìyókù mọ́, fi epo díẹ̀ pa á lára, kí o sì tì í sínú dáì tí yóò dá a padà sí ìwọ̀n rẹ̀, tí yóò sì yọ práímà àtijọ́ dànù. Bí epo bá pọ̀ jù, èjìká idẹ á tẹ̀. Bí kò bá tó, idẹ á há sínú dáì.

Lẹ́yìn náà, fi kálípà wọn gígùn rẹ̀. Idẹ 7mm-08 kò gbọdọ̀ kọjá 2.035 íǹṣì. Èyí tó bá kọjá, gé e, kí o sì tún ẹnu rẹ̀ ṣe nínú àti lóde. Bí ẹnu idẹ bá gùn jù, á fún mọ́ ọta nínú ìbọn, ipá á sì pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ.

Fi práímà tuntun sí i. Kó wọlé díẹ̀ ju ojú ìdí idẹ lọ; fi ìka rẹ yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ awò ààbò ojú. Lẹ́yìn èyí, wọn ẹ̀tù lórí òṣùwọ̀n tí o ti fi ìwọ̀n tòótọ́ dán wò lọ́jọ́ yẹn. Pọ́ùn kan jẹ́ 7,000 gíréènì, nítorí náà ohun tí o ń wọn kéré, àṣìṣe kékeré sì lè di ńlá.

Kí ọta kankan tó dé orí idẹ, to gbogbo wọn dúró sórí pátákó, fi tọ́ọ̀ṣì wo inú wọn níkọ̀ọ̀kan. Kí ẹ̀tù ga bákan náà nínú gbogbo wọn. Bí ọ̀kan bá ga tàbí kéré, dà á padà, tún un wọ̀n. Ìwò yìí ló ń dáàbò bo ojú àti ọwọ́ rẹ ju ohunkóhun lọ.

Wàyí o, tẹ ọta sí i. Gígùn gbogbo kátírìjì 7mm-08 kò gbọdọ̀ kọjá 2.800 íǹṣì, àfi bí ìwé ìlànà bá sọ òmíràn fún ọta rẹ. Kọ ọjọ́, ẹ̀tù, ìwọ̀n, ọta àti práímà sára àpótí. Má jẹ́ kí idẹ .243, .308 àti 7mm-08 pàdé lórí tábìlì kan, nítorí ẹbí kan ni wọ́n, wọ́n sì jọra. Ka ohun tó wà ní ìdí idẹ.

11. Bí o bá fẹ́ dín agbára kù, dín in kù bí ìwé ti wí.

Àǹfààní ńlá tó wà nínú kíki kátírìjì fúnra ẹni nìyí: o lè ṣe èyí tó rọrùn fún akẹ́kọ̀ọ́. Ọ̀nà àkọ́kọ́ ni ọta tó fúyẹ́, bíi 120 gíréènì. Ọ̀nà kejì ni ẹ̀tù tó gba dídínkù. Hodgdon sọ fún gbogbo èèyàn pé a lè dín ẹ̀tù H4895 wọn kù títí dé ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n tó pọ̀ jù tí ìwé wọn kọ fún kátírìjì náà. Ìwé wọn ni kí o ṣí, kí o tẹ̀ lé e.

Ṣùgbọ́n má gbé ìlànà yìí lọ sórí ẹ̀tù mìíràn. Ẹ̀tù tó ń jó díẹ̀díẹ̀, bí o bá dín in kù ju ìwọ̀n ìbẹ̀rẹ̀ lọ, lè ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni kò retí, kó sì fọ́ ìbọn. Kíkéré ẹ̀tù nìkan kò tó láti sọ kátírìjì di aláìléwu. Rántí pẹ̀lú pé ọta tó ń lọ pẹ̀lẹ́ lè má fẹ̀ nínú ara ẹran bó bá jìnnà. Ẹni tó bá gbé irú rẹ̀ dání, kó sún mọ́ ẹran.

12. Dán an wò títí ọkàn rẹ yóò fi balẹ̀.

Ipá inú 7mm-08 lè dé 61,000 pọ́ùn lórí íǹṣì onígun mẹ́rin kan, níwájú ojú rẹ gan-an. Nítorí náà, máa wo idẹ tó ń jáde. Bó bá ṣòro láti ṣí ìbọn, bí práímà bá tẹ́ pẹrẹsẹ tàbí tó ń jò, bí àmì dídán bá hàn ní ìdí idẹ, dáwọ́ dúró, má yin ìyókù. Bí ìbọn bá dún pẹ̀lẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, dúró, tú u, wo inú ọ̀pá rẹ̀ bóyá ọta há síbẹ̀. Bí o bá fa tírígà tí kò dún, kọjú ìbọn sí ibi tí kò léwu fún ó kéré tán ìṣẹ́jú kan kí o tó ṣí i.

Tún awò ṣe ní 100 yáàdì. Lẹ́yìn náà, dìde kúrò lórí tábìlì. Jókòó sílẹ̀, kúnlẹ̀, fara ti igi, nítorí kò sí tábìlì nínú igbó. Gbé àwo pépà tó fẹ̀ ní íǹṣì 8 síwájú, nítorí ibi tí ẹ̀dọ̀fóró àti ọkàn wà lára àgbọ̀nrín kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ibi tó jìnnà jù tí gbogbo ọta rẹ ti ń wọ inú àwo náà ni òpin tìrẹ. Bó jẹ́ 120 yáàdì, má yin ẹran ní 150. Má yìn kọjá ìwọ̀nba lójúmọ́ kan. Ara tó ti rẹ̀ ń kọ́ ìwà búburú.

13. Wo iwájú ẹran, wo ẹ̀yìn rẹ̀, kí o tó yìn.

Má yin ìró, má yin ewé tó mì, má yin ojú tó ń tàn. Àwọn ìdílé kan ṣì ń ṣọ̀fọ̀ nítorí ọdẹ tó rò pé ẹran ni òun rí. Má fi awò ìbọn wá ẹran; fi awò ọwọ́ wò ó, torí ibi tí awò ìbọn bá kọjú sí ni ọta lè lọ. Mọ ohun tó wà lẹ́yìn ẹran, nítorí ọta ìbọn yìí lè rìn ju máìlì kan lọ.

Dúró de ẹran tó fẹ̀gbẹ́ sí ọ, tàbí tó yí ìdí díẹ̀ sí ọ. Bó bá kọjú sí ọ gbọnrangandan tàbí tó ń sáré, jẹ́ kó lọ. Bí o bá yìn ín tán, fi kátírìjì mìíràn sí i, máa wò ó. Bó bá sálọ, ṣe àmì síbi tó dúró sí, dúró fún bí ààbọ̀ wákàtí, kí o tó tọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ. Bó bá jẹ́ ikùn lo bá, dúró pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wá a títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, kí o sì padà lọ́jọ́ kejì. Gbèsè ni.

14. Fún ẹlòmíràn jẹ, kí o sì kọ́ ẹlòmíràn.

Òwe kan ní bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́ ro ìyà, bó bá pa ẹran, kò ní fún ẹnìkan jẹ. Má ro ó bẹ́ẹ̀. Fún aládùúgbò, fún ilé ìjọsìn, fún ẹni tí kò ní. Ní Texas, ètò Hunters for the Hungry máa ń gba ẹran lọ́wọ́ ọdẹ fún àwọn tí ebi ń pa. Mọ̀ pẹ̀lú pé láti 1937, òfin ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n ń pè ní Pittman-Robertson ti ń mú owó orí jáde lára ìbọn àti ọta láti fi tọ́jú ẹranko igbó. Àgbọ̀nrín tí ọwọ́ ìran kan fẹ́ pa tán ni ìran mìíràn tọ́jú títí ó fi tún kún igbó.

Bí ọmọ rẹ, àbúrò rẹ tàbí aya rẹ bá wá bá ọ pé àwọn náà fẹ́ kọ́ ọ, má gbé ìbọn ńlá lé wọn lọ́wọ́ kí o máa rẹ́rìn-ín nígbà tó bá gbá wọn. Ìbọn àkọ́kọ́ tí èèyàn yìn ló máa ń pinnu bóyá yóò tún padà wá. Ki èyí tó fúyẹ́ jù tí ìwé rẹ gbà fún wọn, dí etí wọn, jókòó tì wọ́n, kí o sì fi sùúrù kọ́ wọn ní gbogbo ohun tí mo kọ síbí, láti orí òfin dé orí ẹran tí wọ́n pín. Ẹni tó bá mọ ìwọ̀n lórí tábìlì yóò mọ ìwọ̀n nínú igbó, òun sì ni èmi lè fi ìbọn lé lọ́wọ́.